Òkun Ń Gbé Mì, Òkun Ń Pọ̀ Jáde: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìgbì, Yanrìn àti Etíkun Wa

Láti Lomé títí dé Èkó, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará etíkun ń bèèrè: ta ló kó ilẹ̀ wa lọ? Mo kó àwọn èyí tí mo máa ń gbọ́ jù jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á. Yanrìn etíkun kì í ṣe onílé, arìnrìn-àjò ni. Bí a bá dá a dúró níbì kan, ebi yanrìn á pa ibòmíràn.

Òkun kò léyín. Kí ló fi ń jẹ ilẹ̀?

Ó fi ìwúwo rẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹ ro àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan. Bí ẹ bá pọn omi òkun kún un, omi náà á ju ẹgbẹ̀rún kílò lọ. Ìgbì kan ṣoṣo ń da ọ̀pọ̀ irú àpótí bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àárín ìgbì kan sí èkejì ní etíkun wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kì í sinmi ní ọ̀sán, kì í sinmi ní òru.

Níbi tí apáta bá wà, omi á ti atẹ́gùn wọ inú sísán apáta, á fi òkúta wẹ́wẹ́ lù ú bí ẹni fi òòlù lu nǹkan, àwọn òkúta yẹn náà á sì máa ha ara wọn títí wọn yóò fi di roboto, tí wọn yóò sì di yanrìn níkẹyìn. Ní tiwa, yanrìn tó ti tú sílẹ̀ ni ilẹ̀ náà látilẹ̀wá, iṣẹ́ òkun sì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn ń gbé e ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lára, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dúró síbi tí omi ti ń kan ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìgbì bá ti ń padà, yanrìn á máa yọ́ lọ lábẹ́ gìgísẹ̀ yín. Gìgísẹ̀ á rì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á wà lókè. Tí ẹ bá dúró de ìgbì mẹ́ta tàbí mẹ́rin láì gbé ẹsẹ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ohun tó ṣe fún gìgísẹ̀ yín yẹn náà ló ń ṣe fún gbòǹgbò àgbọn àti ìpìlẹ̀ ilé.

Nígbà míì, atẹ́gùn kì í fẹ́ rárá l'Ékòó, síbẹ̀ òkun á máa hó. Níbo ni ìgbì yẹn ti wá?

Atẹ́gùn ló bí ìgbì lóòótọ́, àmọ́ ó lè jẹ́ atẹ́gùn ibi tó jìnnà gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbì tó ń fọ́ sí ẹsẹ̀ wa, ìjì ńlá ló dá a sílẹ̀ ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, lọ́hùn-ún níbi tí òtútù wà. Ó rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Omi gan-an kọ́ ló rin ìrìn yẹn o. Bí ẹ bá di etí ẹní kan mú tí ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ ó rí i tí nǹkan bí òkè kékeré sáré láti ọwọ́ yín dé ìsàlẹ̀ ẹní, ẹní sì wà lọ́wọ́ yín síbẹ̀. Agbára ló rìn. Nígbà tí agbára yìí bá dé ibi tí omi kò ti jìn mọ́, ilẹ̀ abẹ́ omi á fa ẹsẹ̀ ìgbì sẹ́yìn, orí rẹ̀ á ṣíwájú, ó sì di kó dojú dé. Ariwo tí à ń gbọ́ nìyẹn.

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìgbà òtútù ni ní ìhà gúúsù ayé, ìjì wọn sì máa ń le. Ìdí nìyẹn tí òkun wa fi ń bínú jù ní ìgbà òjò. Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni òkun ya wọ Kúrámọ̀, etíkun kan ní Fikitóríà Àílàǹdì l'Ékòó, tó gbé èèyàn àti ilé lọ.

Kí ló dé tí ìgbì kan ń kó yanrìn wá, tí òmíràn ń kó o lọ?

Ìgbì tó rọra, tó gùn, tí kò ga, á gun etíkun dáadáa. Bó ti ń padà, yanrìn gbígbẹ á mu díẹ̀ nínú omi rẹ̀, kò sì ní sí agbára tó tó láti fi ru ẹrù tó gbé wá padà. Á sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Ìgbì tó ga, tó ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, ńṣe ló máa ń já lulẹ̀ gbàmù. Kì í gòkè púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fà gidi bó bá ń padà, á sì wọ́ yanrìn tẹ̀ lé ara rẹ̀ lọ sínú omi.

Nítorí náà, etíkun máa ń rù, ó sì máa ń sanra. Ní ìgbà òjò, ẹ ó bá ògiri yanrìn tí òkun gé gérégé, tó ga dé orúnkún tàbí ìbàdí. Ní ìgbà ọyẹ́, yanrìn á tún padà wá bo ojú rẹ̀. Ẹ má fi oṣù kan ṣoṣo dá ẹjọ́ etíkun. Ọdún tí yanrìn bá lọ tí kò padà mọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú.

Yanrìn tó lọ tí kò padà, ibo ló wọlé sí?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Lọ́dọ̀ wa, ìlà oòrùn ló ń lọ.

Etíkun láti Tógò, gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, dé Èkó, ó na gbọọrọ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ìgbì kì í sì í kọjú sí i tààrà. Láti gúúsù tó dagun sí ìwọ̀ oòrùn ló ti ń wá. Torí náà, bó bá gun etíkun, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún. Bó bá sì ń padà, ńṣe ló ń ya wálẹ̀ tààrà. Horo yanrìn kan tó gòkè ní ẹ̀gbẹ́ tó sì sọ̀kalẹ̀ tààrà ti sún síwájú díẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ìgbì tó ń bọ̀ á tún sún un. Ẹ gbé èèpo àgbọn kan jù sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kí ẹ sì máa bá a rìn lọ létí omi. Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, àmọ́ láìpẹ́ ẹ ó rí i pé ẹ ti fi ibi tí ẹ kó bàtà sí sílẹ̀ sẹ́yìn.

Yanrìn tó ń bá ọ̀nà yìí kọjá lọ́dún kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún típà kò ní kó o tán. Apá kan rẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá, láti ẹnu odò Fólítà ní Gánà. Nígbà tí wọ́n sì parí ìdídò Akosombo lórí odò yẹn ní ọdún 1965, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sínú adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹrù tó ń wá sí ọjà wa ti dín kù láti orísun.

Ṣé òkun tiẹ̀ ń kọ́ ilẹ̀, àbí jíjẹ nìkan ló mọ̀?

Ó ń kọ́ ọ. Òun ló kọ́ Lẹ́kkí àti Fikitóríà Àílàǹdì fún wa.

Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín pọ̀ láyé débi pé ojú òkun lọ sílẹ̀ ju ti òní lọ ní nǹkan bí 120 mítà. Etíkun wa jìnnà sí ibi tó wà báyìí. Bí yìnyín ti ń yọ́, òkun ń gòkè bọ̀, títí ó fi rọra dúró ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tàbí méje ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ìgbì ti ń to yanrìn jọ ní ebè-ebè, ebè kan níwájú òmíràn, bíi pé àgbẹ̀ ńlá kan ń kọ oko lẹ́bàá omi. Omi tó há sẹ́yìn àwọn ebè yìí ló di ọ̀sà. Ọ̀sà Èkó, ọ̀sà Lẹ́kkí, omi Kúrámọ̀ àti odò tó gba Badagry kọjá, ìgbì ló sé gbogbo wọn mọ́ ẹ̀yìn yanrìn.

Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ ní Lẹ́kkí mọ ohun tí mò ń sọ. Ó máa ń hú ìkarahun jáde níbi tó jìnnà sí òkun. Àwọn abúlé àtijọ́ orí ebè ni wọ́n wà, níbi tó ga díẹ̀. Àárín ebè méjì, àbàtà ni. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yẹn, wọn kì í kọ́lé sínú kòtò. Àwa la wá fi yanrìn dí kòtò, tí a pè é ní ẹ̀síteètì, tí ẹnu sì ń yà wá nígbà tí òjò bá dá omi padà sí yàrá wa.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Bar Beach, etíkun Fikitóríà Àílàǹdì?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ rẹ̀. Òkìtì yanrìn abẹ́ omi tó dábùú ẹnu ọ̀sà Èkó ni àwọn òyìnbó ń pè ní «bar», ibẹ̀ ni etíkun náà ti gba orúkọ. Òkìtì yìí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Òde lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ máa ń dúró sí, wọ́n á fi apẹ̀rẹ̀ sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n á sì fi ẹ̀mí wọn wéwu kọjá lórí ìgbì tó ń hó.

Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta ràbàtà wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀sà, kí omi lè máa ṣàn jáde pẹ̀lú agbára, kó máa fọ ọ̀nà náà mọ́. Ó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkó, Èkó sì di Èkó. Mi ò ní bú àwọn tó ṣe é, nítorí oúnjẹ ọ̀pọ̀ nínú wa ti ibi èbúté yẹn wá.

Àmọ́ ẹ rántí arìnrìn-àjò wa. Yanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn dé ibi ògiri òkúta, ọ̀nà dí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ síbẹ̀. Etíkun ìhà ìwọ̀ oòrùn ń fẹ̀ wọ inú òkun lọ́dọọdún. Ní ìhà kejì, ìgbì kò dẹwọ́ rárá. Ó ń kó yanrìn Fikitóríà Àílàǹdì lọ sí ìlà oòrùn bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òmíràn tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Bí owó ṣe ń jáde lápò tí kò sí èyí tó ń wọlé nìyẹn. Láàárín àwọn ẹ̀wádún tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ tí òkun gbà nítòsí ògiri náà ju kìlómítà kan lọ.

Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fa yanrìn dà síbẹ̀. Wọ́n á dà á, òkun á kó o. Wọ́n á tún dà á. Kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń pọn omi sínú agbọ̀n, nítorí pé ohun tó fa ebi náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn aládùúrà tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ gbàdúrà ní Bar Beach, ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí lọ́dún kan lè ti wà lábẹ́ omi ní èkejì. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2005, òkun ti ń ya gun títì Ahmadu Bello.

Kí ló dé tí Tarkwa Bay, etíkun kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀sà Èkó, fi rọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí òkun ń bínú níbòmíràn?

Iṣẹ́ òkúta yìí kan náà ló bí i. Ògiri ìwọ̀ oòrùn dáàbò bò ó, ìgbì kò lè kọjú sí i, yanrìn sì fara balẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó mú kan sanra náà ló mú òmíràn rù.

Eko Atlantic ńkọ́? Ṣé òun ló ń rì Okun Alfa?

Eko Atlantic ni ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí nínú òkun níwájú Fikitóríà Àílàǹdì. Ògiri rẹ̀ gùn ní nǹkan bí kìlómítà 8.5, ilẹ̀ tí wọ́n sì ń kó yanrìn kún lẹ́yìn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá onígun mẹ́rin. Ó dáàbò bo Fikitóríà Àílàǹdì, òtítọ́ ni. Ẹni tó bá rántí bí omi ṣe ń wọ títì níbẹ̀ kò ní sẹ́ ẹ.

Ní ti Okun Alfa, abúlé etíkun tó wà ní ìlà oòrùn ibẹ̀, àti àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òkun ti ń jẹ wọ́n kí wọ́n tó ronú kan ìlú tuntun yìí. Ẹbi ògiri àtijọ́ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìgbì tó kọ lu ògiri líle kì í kú sójú kan, ipá tó kù nínú rẹ̀ á wá ibi tó rọ̀. Ibi tí ògiri bá parí sí, níbẹ̀ ni ebi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti to àwọn apá òkúta wọ inú òkun ní ìhà ibẹ̀ láti dá yanrìn dúró, ó sì ran àwọn tó wà láàárín àwọn apá náà lọ́wọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn apá tó kẹ́yìn ni kí ẹ bi léèrè bó ṣe rí lára òun. Apẹja tí òkun gba ilé àti àgbọn rẹ̀ kò jẹ èrè kankan lára ìlú tuntun. Ó dùn mí pé owó ògiri máa ń yá, tí owó àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri kì í sì í yá.

Ṣé Èkó nìkan ni?

Rárá o. Wọ́n kọ́ èbúté Kútọnù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Yanrìn gbá jọ sí ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, òkun sì gba àdúgbò lọ ní ìlà oòrùn. Ti Lomé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun láti ibẹ̀ lọ síhà Aného. Ìtàn kan náà ni, orúkọ ìlú ló yàtọ̀.

Kódà kò pọn dandan kó jẹ́ èbúté. Àwọn ọkọ̀ ògbólógbòó tó rì sí etíkun wa ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Èkó ń ṣe ohun kan náà ní kékeré. Ẹ lọ wò ó: yanrìn á ga ní ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà, omi á sì ti gbẹ́ ilẹ̀ wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àyétòrò ńkọ́, nígbà tí kò sí èbúté níbẹ̀?

Àyétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, tí gbogbo ayé sì mọ̀ fún bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n ń jẹun pọ̀, ilẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe yanrìn. Ẹrẹ̀ ni. Yanrìn wúwo, bí ìgbì bá gbé e, á sọ ọ́ kalẹ̀ nítòsí. Ẹrẹ̀ kúnná, bó bá ti tú nínú omi, ó di kó lọ jìnnà. Nítorí náà, kò sí ebè yanrìn tó lè gba ìgbì mọ́ra níwájú ìlú. Ilẹ̀ náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ga ju òkun lọ púpọ̀. Bí ojú òkun ti ń ga sí i nítorí ayé tó ń gbóná, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ará ìlú ti sún ilé sẹ́yìn léraléra, òkun sì ń tẹ̀ lé wọn. Nínú gbogbo etíkun wa, Àyétòrò ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù.

A kọ́ nípa ihò àpáta àti afárá òkúta nílé ẹ̀kọ́. Ṣé a ní irú rẹ̀?

A kò ní i, nítorí etíkun wa kò ní apáta gíga. Níbi tó wà, òkun á kọ́kọ́ gbẹ́ ihò, ihò á lu já sí òdìkejì, ó di afárá, afárá á wó, á ku òpó kan nínú omi. Afárá òkúta ńlá kan tó gbajúmọ̀ ní Mọ́lítà wó lulẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2017, nínú ìjì.

Àwọn àgbà ní Olókun ló ń gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Kí lẹ rí sí i?

Mi ò fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbà pé etí omi ní ẹni tó ni ín, kò ní kọ́lé olókè mẹ́rin síbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀, àwọ̀n àti ètùtù wà ni àwọn apẹja ń fi ṣáájú, ilé á wà lẹ́yìn. Bí òkun bá fẹ́ rù kó tún sanra, àyè wà fún un. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní kò sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí: ẹ fún etíkun láyè kó mí.

Ṣé àwọn tó ń wa yanrìn létíkun ń ba nǹkan jẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Yanrìn tí típà kó lọ kọ́lé kò ní dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó wà ní ìlà oòrùn láé.

Omi máa ń fa èèyàn lọ lójijì. Kí ni kéèyàn ṣe?

Omi tí ìgbì kó jọ sí etíkun gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan bí odò. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ wa lọ ní ọjọ́ ọdún. Ibi tí omi ti dákẹ́ láàárín ìgbì méjì tó ń hó, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ nítorí yanrìn, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yàn láti wọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Bó bá mú yín, ẹ má bá a jìjàkadì láti padà tààrà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń bá etíkun rìn, títí ẹ ó fi jáde nínú ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ilẹ̀. Bí agbára bá tán, ẹ léfòó, kí ẹ sì na ọwọ́ sókè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kó má ṣe kọjá orúnkún.

Kí ló wá ṣeé ṣe?

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni pé kí a máa bá yanrìn parí ìrìn àjò rẹ̀. Kí ẹ̀rọ máa fà á níbi tó gbá jọ sí ní ìwọ̀ oòrùn èbúté, kó máa dà á sí ìlà oòrùn, lọ́dọọdún, bí a ti ń san owó iná. Ní 2011, àwọn ará Netherlands da nǹkan bí mítà kúbíìkì yanrìn mílíọ̀nù 21.5 sójú kan létíkun wọn, wọ́n sì jẹ́ kí ìgbì fúnra rẹ̀ máa pín in kiri. Òkun tó ń jà wọ́n ni wọ́n háyà.

Apá òkúta wúlò, bí a bá ti mọ ẹni tí yóò forí fá a ní ìparí rẹ̀. Ewéko olódòdó àlùkò tó ń fà lórí yanrìn náà wúlò, ó ń di yanrìn mú, ẹ má tu ú nítorí kí ojú ibẹ̀ lè mọ́.

Mo fẹ́ ra ilẹ̀ létí òkun. Kí ni mo lè wò?

Ẹ lọ ní oṣù kẹjọ, ẹ má lọ ní oṣù kìíní tí òkun ń rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ nígbà tí òṣùpá bá di odidi tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí omi máa ń kún jù. Ẹ wo àwọn igi àgbọn: bí gbòǹgbò wọn bá wà níta tó ń fì bí irùngbọ̀n, tí orí wọn sì ti tẹ̀ sí omi, òkun ti ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ bèèrè ibi tí èbúté tàbí ògiri òkúta tó sún mọ́ ọn wà, àti bóyá ìlà oòrùn rẹ̀ ni ilẹ̀ náà bọ́ sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá bàbá apẹja tó dàgbà jù ní abúlé, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì ní kó fi ibi tí bàbá tirẹ̀ máa ń sá àwọ̀n sí hàn yín. Bó bá na ọwọ́ sí àárín omi, ẹ gbé owó yín padà sílé.